Sùúrù Tí Owó Ń Rà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ sọ kí a lè máa rántí rẹ̀. Alágbàtà gàrí kan tí à ń pè ní Àlàájà ló sọ ọ́ fún àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, níṣojú mi, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ìsán ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ: "Ìyá Kẹ́hìndé, èmi lè dúró di ìsán tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ò lè dúró." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò gàrí wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo ń wàásù sùúrù fún Àǹtí. Mo ní kí wọ́n má ta gàrí náà ní iye tí ẹnikẹ́ni bá ṣáà ti pè é. Mo ní kí wọ́n gbé e pamọ́ títí owó rẹ̀ yóò fi gbéra. Mo tilẹ̀ pa á lówe fún wọn pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò dáhùn. Ìgbà tí Àlàájà sọ̀rọ̀ tán ni mo tó mọ ìdí tí wọn kò fi dáhùn. Sùúrù tí mo ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lé lórí, ọjà ni. Ó ní iye tí wọ́n ń tà á, Àǹtí kò sì ní owó tí wọn yóò fi rà á.

Àárọ̀ ọjọ́ náà

Gbogbo ẹni tó bá ti mu gàrí Ìjẹ̀bú rí ló mọ̀ pé kíkan rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin bá lò nínú àpò ló ń mú un kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni Àǹtí máa ń fún un, ẹni tó bá sì kánjú yọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, gàrí lásán ni yóò rí yan. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó yà mí lẹ́nu pé obìnrin tí dídúró jẹ́ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá sọ fún pé kò lè dúró.

Àpò mẹ́rin ló wà nílẹ̀ láàárọ̀ náà. Èédú ni Àǹtí fi ń ṣe ìṣirò: wọ́n ti fa ìlà mẹ́rin sára ògiri fún àpò mẹ́rin, wọ́n sì fa òmíràn sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ìyẹn àwọn obìnrin tó bá wọn bó ẹ̀gẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi rin ín, àti ẹni tó gbé igi ìdáná wá. Apá Àǹtí ṣì funfun títí dé ìgbọ̀nwọ́, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn sì ti le bí awọ nítorí akúfọ́ igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí lójú agbada láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àlàájà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó kí wa dáadáa, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ara. Lẹ́yìn náà ó bu gàrí díẹ̀ sẹ́nu, ó rún un, ó sì dákẹ́ bí ẹni ń tẹ́tí sí i. Ó mọ ọjà. Ó mọ̀ pé ó yan dáadáa.

Ó ní 34,000 náírà ni òun yóò ra àpò kọ̀ọ̀kan. 40,000 ni wọ́n ń tà á lọ́jà ìsán tó kọjá, Àǹtí sì mọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó di 38,000. Àlàájà kò bínú, kò sì pariwo. Ó rán wọn létí pé 80,000 náírà tí òun kó sílẹ̀ ní ìsán tó kọjá ni wọ́n fi ra ẹ̀gẹ́. Bí 34,000 kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n dá 80,000 náà padà, kí wọ́n sì ta gàrí wọn fún ẹni tó bá wù wọ́n. Níbo ni wọn yóò ti rí 80,000? Inú àpò mẹ́rin tó wà nílẹ̀ yẹn gan-an ni 80,000 náà wà. Ibẹ̀ ni Àlàájà ti sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n fi àtàǹpàkò pa ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́, wọ́n ní, "Àlàájà, ẹ ka owó."

Ojú owó

Mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án, mo sì jókòó ti ìṣirò. 34,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 136,000 náírà. Àlàájà yọ 80,000 tirẹ̀ kúrò, ó ku 56,000. Owó bíbó, owó rírin, owó igi àti owó ọkọ̀ kó 30,000 lọ nínú rẹ̀. 26,000 ló kù fún Àǹtí àti ọmọ wọn obìnrin lórí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ká ní 40,000 ni wọ́n tà á ni, 50,000 ni ì bá kù. 24,000 tó wà láàrin iye méjèèjì ti bọ́ sọ́wọ́ Àlàájà kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kúrò lábúlé, èrè tí yóò jẹ lórí gàrí náà ní Èkó kò sì tíì sí nínú rẹ̀. Kò bó ẹ̀gẹ́, kò sì jókòó ti iná. Ohun tó ṣe kò ju pé ó ní 80,000 náírà tí kò fi ṣe nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́jọ. Òógùn ènìyàn méjì mú 26,000 wá. Dídúró nìkan mú 24,000 wá.

Yorùbá ti sọ ohun tí mo ń wá kiri lórúkọ tipẹ́: ojú owó. A máa ń sọ nípa oníṣòwò tó kógbá sílé pé ó ti jẹ ojú owó, ohun tí a sì ń sọ ni pé ó fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn. Owó ọbẹ̀ wà, owó aṣọ wà, owó ìnáwó wà. Ojú owó ni èyí tí a kì í ná, tó kàn ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń mú òmíràn dání bó ṣe ń bọ̀. Owó la fi ń pèènà owó. Nínú ètò ọrọ̀-ajé tí a wà yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní kapitálísíìmù, èrè máa ń kọ́kọ́ tọ ojú owó lọ, kí ìyókù tó wá tọ òógùn lọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìmọye ìgbà lẹ́nu àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ara ògiri tí wọ́n fi èédú kọ nǹkan sí ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, àwa tí à ń fi iye tó ń wọlé lójúmọ́ ṣàlàyé ìṣẹ́ ń fi ohun kan sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Báǹkì Àgbáyé gbé ìlà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ìṣẹ́ paraku kúrò ní dọ́là 2.15 lójúmọ́ sí dọ́là 3, lórí ìṣirò ohun tí owó lè rà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n owó tó ń gba ọwọ́ ènìyàn kọjá ni ìlà náà ń wọ̀n, kò wọn bóyá ẹni náà lè sọ fún oníbàárà pé, "Rárá, ẹ padà wá lọ́la." Owó ń wọlé fún Àǹtí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Wíwọlé ló ń wọlé, kò jókòó rí. Ohun tó sì wà láàrin wọn àti 40,000 lórí àpò kan kò ju 80,000 náírà lọ, èyí tó fi 10,000 péré ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024.

Èlé tí kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀

Àlàájà kì í gba èlé. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni, mo sì gbà pé tọkàntọkàn ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú iye ọjà ni èlé rẹ̀ wà, níbi tí òun pàápàá kò ti ní láti rí i. 24,000 lórí 80,000 jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, láàrin ọjọ́ mẹ́jọ. Ìsán tó wà nínú ọdún kan lé ní 45. Bí Àǹtí bá gba owó náà ní gbogbo ìsán, 1,080,000 náírà ni wọn yóò ti san lórí 80,000 kí ọdún tó yí po, 80,000 náà yóò sì ṣì wà lọ́rùn wọn bó ṣe wà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé tí àwọn báńkì fi ń ṣe òdiwọ̀n sí 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn oníléeṣẹ́ figbe ta pé wọ́n ti pa òwò. Àǹtí ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsán kan. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe wọn, nítorí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé èlé ni àwọn ń san. Wọ́n rò pé gàrí ni àwọn kàn ń tà ní owó pọ́ọ́kú.

Àwọn bàbá wa mọ irú èyí. Wọ́n ní sọ́gúndogójì, orúkọ tó ṣàlàyé ara rẹ̀ tán. Wọ́n sì ní ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà sì ń ṣe lóko, bó ti wù kó pẹ́ tó, èlé nìkan ló wà fún. Kò dín kọ́bọ̀ kù nínú gbèsè gan-an. Ọdún lè gorí ọdún, kí ojú owó máa wo ènìyàn bó ṣe wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé àfiwé yìí kò bára mu tán. Kò sí ẹni tó so Àǹtí mọ́lẹ̀. Bó bá wù wọ́n kí wọ́n fi gàrí sílẹ̀ lọ́la, kò sí ẹni tí yóò mú wọn. Òmìnira yẹn kì í ṣe ohun kékeré, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò nídìí agbada ní láti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1976, ní abúlé Jobra ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Muhammad Yunus bá obìnrin kan pàdé tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó. Ọwọ́ oníṣòwò ló ti ń yá owó ọparun, oníṣòwò náà ló sì gbọ́dọ̀ ta àpótí fún ní iye tí ìyẹn bá dá. Yunus ní kí wọ́n ka gbogbo àwọn tó wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀ lábúlé náà. Ènìyàn 42 ni wọ́n, gbogbo owó tó so wọ́n mọ́lẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju dọ́là 27 lọ. Ó yọ ọ́ lápò ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé kí ló dé tí Àǹtí kò lọ sí báńkì, ó ṣeé ṣe kó má tíì bẹ báńkì lówó rí láìní ìwé lọ́wọ́. Ilẹ̀ ẹbí ni ilé gàrí wà, láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ sì ti jáde ní ọdún 1978, ìwé tí gómìnà bá fọwọ́ sí ni báńkì ń fẹ́ rí. Ilẹ̀ wà, igi obì wà lórí rẹ̀, gbogbo abúlé mọ ẹni tó ni ín; kò sì lè mú 80,000 wá. Alájọ ló kù. Bí Àǹtí bá ń dá 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, owó ọjọ́ kan ni alájọ yóò mú, 15,000 ni wọn yóò sì kó. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì tọ́ sí i, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: báńkì ń sanwó fún olówó kó lè tọ́jú owó, òtòṣì ń sanwó kó tó lè tọ́jú tirẹ̀.

Àwa náà ni alágbàtà

Ó rọrùn láti sọ Àlàájà di ìkà, mo sì gbìyànjú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò bọ́ sí i. Ọ̀nà tó gbé gàrí gbà burú. Iye lè já lulẹ̀ kó tó dé Èkó, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Àwọn mìíràn ti gba owó rẹ̀, wọn kò sì yan gàrí kankan fún un. Bí òun kò bá sì wá, ta ni yóò kó 80,000 sílẹ̀ lábúlé yẹn?

Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń bú alágbàtà ń bú ilé baba rẹ̀ ni. Kí ni a fi lówó láyé àtijọ́? Àárín ni a dúró sí. Ẹrù tó ń ti òkun àti ọ̀sà bọ̀ àti èyí tó ń ti ìlú òkè wá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ wa, ọ̀nà sì wà níkàáwọ́ wa. Nígbà tí a kò gbà kí ẹlòmíràn máa kọjá bó ṣe wù ú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ogun wá bá wa ní Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ẹni tó ni àárín lè dúró. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, kò lè dúró. Ọgbọ́n yẹn la fi kọ́ ilé tí à ń gbé.

Ẹ tún wo ẹni tó ni ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi gbé owó rírin sókè, kò sì sí ẹni tó bá a jà, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Owó epo tirẹ̀ gorí Àǹtí. Ti Àǹtí kò rí ẹni gùn. Àwọn kan ń dá iye, àwọn kan ń gba iye, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì máa ń rọra yí wálẹ̀ títí yóò fi bá ẹni tí kò lè gbé e fún ẹlòmíràn. A ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, mo sì gbà á, mo ti ń tọ́ oògùn náà wò láti kékeré. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti ń lo oògùn yìí láti ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó ń ta oògùn ni ara rẹ̀ ń yá.

Ìgbà kan wà tí ìjọba náà jẹ́ alágbàtà nílẹ̀ wa, mo sì máa ń rántí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé olè ni gbogbo èrè. Láti ọdún 1947 ni àjọ tó ń ra kòkó ti ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, tó sì ń kó ìyókù jọ. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti rí owó ṣe púpọ̀ nínú ohun tó ṣe, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 sì wà lára rẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó jàǹfààní rẹ̀. Bàbá àgbà mi, tó gbin kòkó, wà lára àwọn tí wọ́n ré iye ọjà wọn jẹ. Nínú ilé kan náà. N kò tíì mọ bí mo ṣe lè fi èyí àkọ́kọ́ dúpẹ́ láì fi ìkejì ṣe ìbéèrè.

80,000 tèmi

Mo wá ṣe ohun tí ẹni tó bá ti ṣe irú ìṣirò yìí kò lè ṣàì ṣe. Mo fún Àǹtí ní 80,000 náírà, láìsí èlé, láìsí ìwé. Ní ìsán àkọ́kọ́, wọ́n dúró ní ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n sì ta àpò kọ̀ọ̀kan ní 39,500 fún ẹlòmíràn. Wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn sì ga bí ti ọ̀dọ́mọbìnrin. Ìsán kejì náà dára. Kí ìkẹta tó pé, Kẹ́hìndé já bọ́ lórí ọ̀kadà, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Owó ìtọ́jú kó èrè lọ, ó sì kó ojú owó tẹ̀ lé e. Ohùn kékeré ni wọ́n fi sọ fún mi pé àwọn ti jẹ ojú owó, bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìsán tó tẹ̀ lé e, Àlàájà tún kó 80,000 sílẹ̀.

Mo ti rò pé 80,000 ni wọn kò ní. Ohun tí wọn kò ní ni owó mìíràn tí yóò dúró ti 80,000 náà, tí ẹsẹ̀ ọmọ yóò fi rí nǹkan jẹ láì débi rẹ̀. Lára ìdí rẹ̀ nìyẹn, lójú tèmi, tí kò fi yà mí lẹ́nu mọ́ pé, nígbà tí èsì ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà lórí owó yíyá kéékèèké jáde ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀pọ̀ kúrò nínú ìṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Àlàájà ni. Ó ní òun gbọ́ pé èmi ni mo fún Ìyá Kẹ́hìndé lówó níjọ́sí, ó bá mi kẹ́dùn lórí ẹsẹ̀ ọmọ, ó sì ṣàdúrà fún un. Ó wá ní bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá tún wà lọ́wọ́ mi, kò yẹ kó máa sùn. Obìnrin mẹ́ta wà lọ́nà Àgọ́-Ìwòyè tí wọ́n ń wá owó ẹ̀gẹ́. Bí mo bá kó 80,000 sílẹ̀, òun yóò máa fún mi ní 10,000 ní ìsán kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Owó ilé mi wà nílẹ̀, oṣù méjì sì wà kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti ṣírò iye tí yóò jẹ́ kí oṣù méjì náà tó pé.

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ó ní kò burú, òun lè dúró.